Ọ̀pọ̀tọ́ Tí Mo Gbìn Sẹ́yìn Ààrò Ẹja

Àǹtí Risi fi igi mi fọ ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá ní kí n ti ibòmíì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Bàrígà ni. Igi tín-ín-rín mẹ́ta ni mo kó wá láti ilé, ìkọ̀ọ̀kan ò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ti fi aṣọ tútù wé wọn, bí mo sì ṣe dé, mo rọra tì wọ́n bọ inú kọ́ọ̀bù omi lójú fèrèsé. Àǹtí Risi, àbúrò màmá mi tí mo wá bá gbé, jí ṣáájú mi. Ó rí igi mẹ́ta nínú omi. Ó ní háà, àwọn ará ilé ò gbàgbé òun, wọ́n fi pákò ránṣẹ́! Ó mú ọ̀kan, ó bó orí ẹ̀, ó ń rún un lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Igbe ẹ̀ ló jí mi.

"Irú pákò wo lèyí? Ó ń yún mi lẹ́nu! Ó ń ṣe omi funfun bíi wàrà!"

"Àǹtí, kì í ṣe pákò!"

"Kí ni?"

"Igi ọ̀pọ̀tọ́ ni. Mo fẹ́ gbìn ín ni."

Ó wò mí. Ètè ẹ̀ ti ń wú díẹ̀díẹ̀. "O kúrò ní Bẹ̀nẹ̀, ò ń bọ̀ ní Èkó, gbogbo ohun tó o rí gbé wá náà ni igi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bó ṣe ku méjì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti wá, kí ẹ má baà ṣe bíi ti àwọn ará Bàrígà. Tí mo bá ti ní Kétu ni, wọ́n á ní, "Kétu báyìí? Ṣebí mọ́tò kan ni." Èmi á tún máa ṣàlàyé pé kì í ṣe Kétu ti Èkó, Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ ni, ibi tí èèyàn ti ń sọ Yorùbá nílé, tí tíṣà á tún máa fi Faransé bá a wí nílé ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì. Nílé, tá a bá lọ sí Kùtọnu, Nàgó ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn àwọn Yorùbá. Mo wá ní lọ́kàn mi pé tí mo bá ti dé Èkó, ó parí nìyẹn, mo ti dé àárín àwọn èèyàn mi, kò sẹ́ni tó máa tún sọ mí lórúkọ. Ọjọ́ kẹta, mo lọ pọn omi, mo kí àwọn obìnrin tó wà nídìí kànga, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀. Àgànyìn lèyí." Ó tán. Mo rin ìrìn àjò gbogbo yẹn kí n lè di Àgànyìn.

"Ọmọ Àgànyìn, ìgbà wo lo máa se ẹ̀wà fún wa?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n sè, mà."

"Irọ́! Àgànyìn wo ni ò mọ ẹ̀wà sè?"

Mi ò sè é rí láyé mi. Màmá mi gan-an ò sè é rí. Ṣùgbọ́n kí n lè rí ẹni tó máa bá mi sọ̀rọ̀, mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo dín ata náà títí tí gbogbo ilé fi ń wúkọ́. Bàbá Onílé jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ta ló ní ká kó jáde?" Wọ́n jẹ ẹ́ ṣá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀wà Àgànyìn, àmọ́ kò burú.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo fọ gbogbo abọ́ ilé, títí kan èyí tí wọn ò bá mi jẹun nínú ẹ̀.

Mo sunkún náà o. Mi ò ní í purọ́ fún yín. Kì í ṣe ẹkún tí èèyàn ń ké, ẹkún tó kàn ń bọ̀ fúnra ẹ̀ nígbà tí mo bá ń wẹ̀, tí mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ omi. Ariwo ilé yẹn pọ̀, jẹnẹrétọ̀ níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, síbẹ̀ nínú gbogbo ariwo yẹn kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi. Nílé, kí n tó dé ìdí omi, èèyàn mẹ́wàá á ti pè mí. Ohun tí mi ò mọ̀ pé mo ní nìyẹn, àfi ìgbà tí mi ò ní in mọ́.

Màmá mi máa ń pè mí láti orí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ìta ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, torí pé nínú yàrá, ohùn ẹ̀ á máa já.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Kí lo jẹ?"

"Gàrí."

"Gàrí nìkan?"

"Gàrí àti ẹja."

Ẹja kankan ò sí. Òórùn ẹja ló wà. Ìyá kan wà ní yàrá kejì sí tiwa, Màmá Ṣọlá, ará Ìlàjẹ, láti etí òkun Oǹdó. Ó máa ń yan ẹja lórí ààrò ńlá kan tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù. Èéfín yẹn ni mo ń fi jẹ gàrí mi, mo sì kà á mọ́ ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí mo sọ̀rọ̀ ẹja yẹn fún màmá mi, Màmá Ṣọlá kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé abọ́ dání, orí ẹja yíyan méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ṣì gbóná.

"Gbà."

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O ní o jẹ ẹja lánàá. Etí mi ò di. Gbà á jẹ, kó o má baà máa purọ́ fún ìyá ẹ."

Ẹ̀rín pa mí, omijé sì ń bọ̀ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Àgànyìn, ṣé ata pọ̀ jù ni?"

Òun ló bá mi wá àyè fún igi mi. Nínú méjì tó kù, ọ̀kan ti jẹrà. Ìkejì yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-tìn-ìn-tín, bíi irun ọmọ tuntun, mo fò sókè nínú yàrá! Mo kọ́kọ́ gbìn ín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà. Nígbà tó yọ ewé márùn-ún, Màmá Ṣọlá fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ kékeré kan láàárín kànga àti ẹ̀yìn ààrò ẹ̀. Ó ní, "Gbìn ín síbẹ̀. Oòrùn máa ń pa ibẹ̀ látàárọ̀."

Kí ló dé tí mo fẹ́ràn igi yìí tó báyìí? Ẹ ò tíì jẹ ẹ́ rí ni. Kì í ṣe ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó wa o, èyí tí kòkòrò kún inú ẹ̀, tí ẹnì kan ò jẹ. Òkè òkun ni wọ́n ti mú èyí tí mò ń sọ yìí wá. Sísítà Àgùdà àgbà kan tó ń tọ́jú ọgbà ní ilé ìwé wa ló ni igi náà, lẹ́bàá ilé ìdáná àwọn Sísítà. Tó bá pọ́n, awọ ẹ̀ á ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀, tó o bá wá là á, inú ẹ̀ pupa, ó ń dán, oyin ń jáde. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá da oyin sínú àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n dáadáa, tí wọ́n wá yọ kíkan kúrò pátápátá. Ẹni tó bá gbá ọgbà dáadáa ni Sísítà máa ń fún ní ẹyọ kan. Ọgbà yẹn, mo gbá a! Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i pé ó dìgbóṣe, ó gé ẹ̀ka mẹ́ta fún mi, ó ní ibikíbi tí mo bá dé, kí n wá ilẹ̀ fún un.

Bàbá Onílé ló ni ilẹ̀. Ará Abẹ́òkúta ni, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ṣe ní Ṣómólú títí ó fi fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ igi náà, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀.

"Ọ̀pọ̀tọ́? Èyí tí Jésù bú?"

"Ìyẹn ò so ni wọ́n ṣe bú u, sà. Tèmi á so."

"Tí ò bá so ńkọ́?"

Mo kàn kúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní bú u, àdá lòun máa lò.

Bàbá Onílé kan náà ló bá mi wá iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ àtijọ́ ló ni ilé ìtẹ̀wé yẹn nísinsìnyí, ní òpópónà kan ní Ṣómólú tó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé ni gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ látàárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ká ìwé, kí n tò ó, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo to ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, mo fi ojú ewé ogún ṣáájú méjìdínlógún, nínú gbogbo ẹ̀! Ọ̀gá mi gbá orí ara ẹ̀ mú. Mo jókòó, mo tú gbogbo ẹ̀, mo tún un tò, títí ìka mi fi bó. Ẹ wá wò mí nísinsìnyí. Tí mo bá ń ká ìwé, ẹ ò ní rí ọwọ́ mi. Àwọn èèyàn ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ wa máa ń wá dúró wò mí, wọ́n á ní, "Àgànyìn, rọra, ìwé yẹn á gbiná."

Ọjọ́ kan wà tí mo lọ gbé káàdì fún oníbàárà kan ní Palmgrove. Mò ń bọ̀, obìnrin kan dá mi dúró, ó ní kí n jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bàrígà. Èmi! Ó bi èmi! Mo fi ọwọ́ júwe fún un, mo ní kó kọjá sódì kejì, kó má jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo dúró lójú kan náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ẹ ò mọ̀ bó ṣe rí kí àjèjì máa júwe ọ̀nà fún àjèjì.

Igi mi ń dàgbà. Màmá Ṣọlá máa ń da omi tó fi fọ ẹja sídìí ẹ̀, a sì ń bu eérú ààrò sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò bi ẹnì kankan bóyá ó dáa, igi náà ló fi ewé dáhùn: ewé ńlá, ó rí bí ọwọ́ tó na ìka. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti ga jù mí lọ. Àmọ́ Bàbá Onílé máa ń yí i ká.

"Òdòdó dà?"

"Kì í yọ òdòdó síta, sà. Inú èso ẹ̀ ni òdòdó wà."

"Igi tí ò tanná, kí ló fẹ́ fi so?" Ó mi orí. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ràn igi agídí."

Wàhálà wá dé. Bàbá Onílé pe gbogbo ayálégbé jọ, ó ní òun fẹ́ gbẹ́ bọhóò, òun fẹ́ gbé tánkì omi sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, torí kànga yẹn, iyọ̀ ló wà nínú omi ẹ̀, ọwọ́ mi sì ti le nídìí fífà á. Mo ṣì ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ní àyè méjì péré ló wà tí irin tánkì lè dúró sí: ibi tí ààrò ẹja wà, tàbí ibi tí igi mi wà. Ó ní òun ò lè fọwọ́ kan ààrò, ibẹ̀ ni Màmá Ṣọlá ti ń jẹ.

Ó yíjú sí mi, ó rọ ohùn ẹ̀. "Wẹ́dà ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Tí igi ẹ bá fún wa ní ohun tó ṣeé jẹ kó tó dé, màá mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má bínú, ọmọ mi."

Ẹ wá gbọ́ o! Igi yẹn ti so! Kò sẹ́ni tó mọ̀ àyàfi èmi àti Màmá Ṣọlá. Èso mẹ́rin ló wà lábẹ́ ewé, wọ́n tóbi tó ẹyin ẹyẹlé, wọ́n le koko, àwọ̀ ewé ni wọ́n. Kéékèèké méjì sì tún wà lókè wọn tí kò tíì ju erèé lọ. Mo sá lọ bá Màmá Ṣọlá.

"Màmá, wọn ò tíì pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí wẹ́dà dé."

"Èwo ni ìṣòro níbẹ̀? Báwo lo ṣe ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀? Báwo lo ṣe ń ṣe máńgòrò? Ká a, dì í sínú àpò, kó gbóná níbẹ̀. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, á dẹ̀."

Ó bọ́gbọ́n mu! Ẹyẹ àti àdán náà ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wàrà funfun ń ro látojú ibi tí mo ti já wọn, bí ẹni pé wọ́n ń sunkún, mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. A fi ìwé wé wọn, a tì wọ́n bọ inú àpò gàrí, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó lè móoru. Lójoojúmọ́ ni mò ń yọjú. Ọjọ́ kẹta, wọ́n dẹ̀ díẹ̀. Mo fọ wọ́n, mo tò wọ́n sórí abọ́ tó dáa jù tí Àǹtí Risi ní, mo gbé wọn lọ fún Bàbá Onílé lójú gbogbo ilé.

Ó gbàdúrà lé e lórí. Ó gé e jẹ.

Mo rí ojú ẹ̀. Ó gbìyànjú o, Ọlọ́run ni mo fi bẹ̀ yín, ó gbìyànjú láti gbé e mì, torí ojú mi. Kò lè ṣe é. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó tu ú. Mo mú ọ̀kan, èmi náà tọ́ ọ wò. Ó dà bíi kí èèyàn máa jẹ kànrìnkàn tí wọ́n rẹ sínú omi ewé. Kò sí adùn kankan níbẹ̀, bí orí ṣe ń fọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni ètè ń yún mi.

Bàbá Onílé ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "O gbìyànjú, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo pe màmá mi. Mi ò parọ́ oúnjẹ. Mo fa imú, mo ní, "Màámi, ọ̀pọ̀tọ́ mi ò dùn." Màmá mi ò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó gbé fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó wọ bàtà, mò ń gbọ́ bàtà ẹ̀ lórí ilẹ̀, gbàgà, gbàgà, ó ń rìn lọ sí ilé àwọn Sísítà, gbogbo ọ̀nà yẹn, kò gé fóònù. Mo gbọ́ àkùkọ. Mo gbọ́ ẹnì kan tó kí i, tó ní, "Ọmọ yín ńkọ́?" ó ní, "Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí." Mo gbọ́ Kétu látòkè délẹ̀ ní etí mi.

Sísítà gba fóònù. Ará Àbọ̀mẹ́ ni, Yorùbá ẹ̀ máa ń kọsẹ̀.

"O ká a?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kó tó pọ́n?"

"Mo dì í sínú àpò, bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ó pariwo Jésù lédè Faransé. "Ọ̀pọ̀tọ́ kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀! Tó o bá ti já a lórí igi, ibẹ̀ ló parí sí, kò ní dùn mọ́ láéláé. Orí igi ló ti ń dùn. Máa wò ó. Má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ni kó o fi wò ó. Tí ọrùn ẹ̀ bá rọ, tó tẹrí ba, tí omi oyin kan sì yọ nídìí ẹ̀, kò ju ìgbà yẹn lọ. Ó kù lórí igi?"

"Ó ku méjì. Wọ́n kéré gan-an."

"Wọ́n á tóbi. Fún wọn ní oṣù kan, kó lé díẹ̀."

Oṣù kan! Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wẹ́dà dé.

Mo ṣàlàyé fún Màmá Ṣọlá nígbà tó ń to ẹja sórí wáyà. Ó to ẹja ẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Onílé. Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ gbé tánkì sí ibi ààrò mi."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ gbé e síbẹ̀. Màá kó lọ sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà."

"Ìyá Ṣọlá, kò sí páànù níwájú. Èéfín á máa wọ inú yàrá yín."

"Ta ló wà níbẹ̀ tó máa wúkọ́? Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ."

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé ilé yìí lẹ ti wà nídìí ààrò yẹn. Nítorí igi?"

Màmá Ṣọlá tọ́ka sí mi, bí ẹni pé Bàbá ò rí mi tẹ́lẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé nítorí igi ni? Èmi ni mo ní kó ká a. Ìmọ̀ràn tèmi ló ba á jẹ́."

Bàbá Onílé wò wá. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin méjì yìí." Ó sì gbà.

Mi ò lè sọ ohun tó ṣe mí fún yín. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Mo máa ń rò pé tí èèyàn bá dé ìlú onílùú, ohun tó máa ń wá ni kí wọ́n gbà á. Kí wọ́n má pè é ní báyìí mọ́, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín ohùn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Màmá Ṣọlá ò yé pè mí ní Àgànyìn, ó ṣì ń sín mi jẹ tí mo bá fa ọ̀rọ̀. Kí sì ni? Òun náà, tó bá ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní èdè Ìlàjẹ, mi ò gbọ́ ju "ẹja" lọ. Ẹni tó bá ṣí ààrò ẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ nítorí ẹ, orúkọ yòówù tó bá pè ẹ́, dá a lóhùn.

Ìnira ni iwájú yẹn o. Oòrùn ń pa á, èéfín ń padà sí i lójú, òjò ọ̀sán kan sì dé lójijì, ó ba ẹja odindi wáyà kan jẹ́. Mo bá a kó wọn, ojú ń tì mí. Ó ní, "Kí lò ń wò mí fún? Lọ wo igi ẹ." Ó fún mi ní àwọ̀n àtijọ́ kan tí ọkọ ẹ̀ fi ń pẹja nígbà ayé ẹ̀, a fi bo igi náà nítorí àdán. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mi ò ní tíì bọ́ bàtà, màá ti kó ojú mi bọ inú àwọ̀n. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni kí ó sáà dùn, kó má jẹ́ kí ìyá yìí kó ààrò ẹ̀ sínú oòrùn lásán.

Wọ́n tóbi. Wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan, le koko. Lẹ́yìn náà, lójijì, bí ẹni pé wọ́n rántí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Èèrà wọ ọ̀kan, wọ́n jẹ ẹ́ tán kí n tó jí. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè, mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo ní kí n yọjú. Ọrùn ẹ̀ ti rọ! Ó ti tẹrí ba! Awọ ẹ̀ là fíínfín níbi méjì, nídìí ẹ̀ gan-an, omi oyin kan wà níbẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn, kò jábọ́. Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo pariwo. Bàbá Onílé sáré jáde, ó rò pé mo já sínú kànga.

Mo fi ọbẹ là á sí mẹ́ta lórí abọ́. Inú ẹ̀ pupa. Bàbá Onílé gba tiẹ̀, ó ti gbé ojú dání fún ìyà. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó tún ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó gba ọbẹ lọ́wọ́ mi, ó lá ojú ẹ̀, díákónì o! Ó ní, "Igi tó fún mi ní ti ọjọ́sí náà nìyí?"

Mo jẹ tèmi. Oyin ni, àgbálùmọ̀ ni, kò kan, kóró inú ẹ̀ ń pariwo kéékèèké láàárín eyín mi. Ó tiẹ̀ dùn ju ti Sísítà lọ. Mo mọ̀ pé irọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ló sọ ọ́.

Mo gbé ìdá kẹta sáré lọ síwájú. Màmá Ṣọlá wà nídìí ààrò, èéfín bò ó, oníbàárà kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì dúró tì í.

"Fi sí mi lẹ́nu," ó ní, "ẹja wà lọ́wọ́ mi."

Mo fi sí i lẹ́nu. Ó pa ẹnu dé. Ó pa ojú dé.

"Màmá," oníbàárà ní, "ẹja ńlá yìí ńkọ́, èló?"

Màmá Ṣọlá ò la ojú.

"Màmá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀ o. Mo máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Màmá Ṣọlá gbé ọwọ́ kan sókè, ó ní kó dúró. Kò gbé e mì. Ẹnu ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, bíi ti ọmọ tó ń fi súìtì pamọ́ fún tíṣà, omi sì ń jáde lójú ẹ̀ tó pa dé, mi ò mọ̀ bóyá èéfín ni.

Oníbàárà yíjú sí mi. "Ṣé eyín ń dùn wọ́n ni?"

"Rárá o, mà," mo ní. "Màmá mi ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ ni. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, èmi ni mo máa tà á fún yín."

Mo fa ìwé yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹja.